Obìnrin Tó Ń Dáhùn Fóònù Bàbá Ẹ-Dúró-Ná

Wọ́n ní òkú ló ń dáhùn nígbà tí Bàbá Bándélé bá pe nọ́ńbà kan báyìí lórí fóònù wọn. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè san owó ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ore láìjẹ́ pé òkú náà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Obìnrin ni òkú ọ̀hún, alálùbọ́sà ni nígbà ayé rẹ̀. Bí àkáǹtì tí èèyàn fẹ́ sanwó sí bá jẹ́ ti olè, wọ́n ní òkú á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jẹ́ ti olóòótọ́, á ka nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ọmọ iléèwé. Àwọn awakọ̀ ti gbé ìtàn yìí dé Benin. Ọkùnrin kan wá láti Òkìtìpupa, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bi mí pé èló ni òkú ń gbà.

Èmi ni mò ń bá Bàbá Bándélé tẹ̀wé, ọdún kẹta rèé. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, nítorí pé ẹ̀bi ìtàn òkú yìí wà lọ́rùn mi.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Bàbá. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju yàrá kan lọ, lẹ́yìn gáréèjì, láàárín ẹni tó ń lẹ táyà àti Beauty tó ń ta ìrẹsì. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi dọ́gba lọ́jọ́ orí, àga mẹ́ta, àti àwòrán ìgbéyàwó wọn tí wọ́n fajú ro bí ẹni tí wọ́n fipá fún níyàwó. Ìyàwó wọn ní irọ́ ni, ebi ló ń pa wọ́n lọ́jọ́ náà.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ore, ní Odigbo, tàbí ní abà tó yí wa ká, Bàbá ló máa ń kọ àdéhùn. Àwọn náà ni wọ́n máa ń kó olùrà àti olùtà lọ rin ààlà. Wọ́n á gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí bàbá wọn ti ń ṣe, nítorí pé ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pa pèrègún, bí iná bá sì jó o, á tún rú. Lẹ́yìn náà, níbẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní kí olùtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ pupa. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ìsanwó, nọ́ńbà mìíràn kò wúlò mọ́. Bí áńgẹ́lì bá fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́, Bàbá á ní, “Ẹ dúró ná.”

Ẹ dúró ná yìí ni mo fi sọ wọ́n lórúkọ. Bí oúnjẹ bá dé, ẹ dúró ná, wọ́n á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ abọ́. Bí òjò bá ṣú, ẹ dúró ná, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ kí ojú ọ̀run wá fọwọ́ síwèé. Bàbá Ẹ-Dúró-Ná. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá mú ọkọ wá fi han àwọn, àwọn á ní kí ó dúró ná fún ọdún méjì.

Mo ti gbìyànjú títí láti mú wọn. Lọ́jọ́ kan mo fi fóònù ọ̀rẹ́ mi pè wọ́n, mo di imú mi.

“Ẹ káàsán, sà. Báǹkì yín la ti ń pè. Àkáǹtì yín ti fẹ́ kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún wa.”

“Ó dáa, ọ̀gá báǹkì,” ni Bàbá dáhùn. “Ẹ dúró ná. Ìyìn, dìde kúrò lẹ́yìn ilé yẹn, oòrùn á pa ọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí gbogbo eré mi máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àfi èyí tó bá jẹ́ ti fóònù. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sọ fún mi.

Ó ti di ọdún mẹ́jọ. Sàádátù ni orúkọ obìnrin náà. Opó ni, ọkọ rẹ̀ wa tírélà kó tó kú, òun sì ń ta àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ ní gáréèjì wa níbí. Ó fẹ́ ra ilẹ̀ kékeré kan kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè yé máa kó ẹrù láti yàrá háyà kan bọ́ sí òmíràn. Bàbá kọ àdéhùn, wọ́n rin ààlà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó fẹ́ sanwó, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù Bàbá láti orí nọ́ńbà ẹni tó ni ilẹ̀, pé kí wọ́n má lo àkáǹtì ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òmíràn rèé. Orúkọ ẹni náà ló yọ lójú fóònù. Bàbá gbà á gbọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ka nọ́ńbà tuntun náà sí Sàádátù létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé wọn bí ọmọ ilé kéwú tó ń tẹ̀lé ohùn àfáà. Wọn kò mọ̀ pé olè ti jí fóònù onílẹ̀ náà lọ́jà ní ọjọ́ tó ṣáájú.

“Ohùn mi ló gbọ́, Ìyìn,” ni Bàbá wí fún mi. “Kò gbọ́ ohùn olè rárá. Ohùn mi ló gbọ́.”

Ọlọ́pàá kọ̀wé, báǹkì kọ̀wé, owó kò padà. Ẹlòmíràn ló ra ilẹ̀ náà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, yàrá Sàádátù ṣófo, òun àtàwọn ọmọ ti lọ. Beauty ló sọ fún gbogbo gáréèjì pé obìnrin náà ti gbé nǹkan jẹ. Ta ló rí òkú? Kò sí. Ta ló lọ síbi ìsìnkú? Kò sí. Ṣùgbọ́n ní Ore, bí èèyàn bá kúrò láìdágbére, wọ́n á bá a sin òkú ara rẹ̀.

Bàbá sọ ìyókù ìtàn náà fún mi, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n fi pamọ́. Mo fi pamọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹnu tèmi yìí, bí kò bá tú àṣírí, á wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Beauty gbé ìrẹsì Bàbá wọlé, ó bá wọn tí wọ́n gbé fóònù sétí. “Sàádátù,” ni wọ́n ń wí, “kà á fún mi láti òkè.”

Beauty fà mí láṣọ. “Sàádátù wo?”

“Alálùbọ́sà kẹ̀,” ni mo wí, ojú mi le koko bí ti adájọ́. “Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Òun ni wọ́n máa ń bi léèrè kí ẹnikẹ́ni tó sanwó.”

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ Beauty. Mo rò pé bó bá di ọjọ́ kejì, a jọ máa fi rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, awakọ̀ mẹ́ta ti dúró sójú fèrèsé wa, wọ́n ń yọjú wo fóònù Bàbá.

Bàbá wò mí. “Ìyìn, eré rẹ kò ní ààlà. Lọ́jọ́ kan a ó gbin pèrègún sí ọ lẹ́nu.”

Mo tún rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni Kàsímù wá. Ará apá Ìwó ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó dé sí abà kan lẹ́yìn Odigbo láti máa dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn igi kòkó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ti ga jù ú lọ, síbẹ̀ kò lè fi ọ̀kan nínú wọn han ọmọ rẹ̀ pé tiwa nìyí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ wò tó sì kú sí abà náà, ó ní láti tọrọ ibi tí yóò sin ín sí. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa tọ́jú owó. Màmá Fẹ́yìsayọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ilẹ̀ kan ní Odigbo tí wọ́n fẹ́ tà, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a rin ààlà. Múdàṣírù ọlọ́kadà ló gbé pèrègún mẹ́rin fún wa láti Ore, àmọ́ ọ̀kan já bọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé igun kẹrin, kò sí ohun tí a máa gbìn. Màmá Fẹ́yìsayọ̀ bá yà sí oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n rì í mọ́lẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí èyí dí i fún wa ná,” ni wọ́n wí. “Bí ebi bá pa ààlà, á rí nǹkan jẹ.”

Kàsímù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n yọ bírò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pupa: *Igun kẹrin, igi ẹ̀gẹ́.* Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé fóònù bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń kà á fún, orúkọ, nọ́ńbà, títí dórí igi ẹ̀gẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ìsanwó. Kí aago mọ́kànlá tó lù, Kàsímù ti wọlé pẹ̀lú aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ó na fóònù rẹ̀ sí Bàbá. Ọ̀rọ̀ ti wọlé láti orí Wasáàpù Màmá Fẹ́yìsayọ̀, àwòrán wọn tí wọ́n wé gèlè sì wà lórí rẹ̀: *Ẹ kú àárọ̀ o. Báǹkì ti ti àkáǹtì mi. Ẹ san án sí ti àbúrò mi yìí. Ẹ tètè o, ará Èkó kan ń bọ̀ ní aago kan, owó tirẹ̀ ju tiyín lọ.*

“Ẹ dúró ná,” ni Bàbá wí.

Wọ́n pe Màmá Fẹ́yìsayọ̀. Fóònù wà ní pípa. Kàsímù fi Wasáàpù pè wọ́n, ó dún dún dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wọlé: *Nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa níbí, ẹ máa kọ ọ́ ránṣẹ́.* Bàbá pa ìwé pupa náà dé.

Wọ́n dìde, wọ́n pe Múdàṣírù. “Odigbo ni mò ń lọ. Ojú Màmá ni mo fẹ́ rí.” Wọ́n kọjú sí Kàsímù. “Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tẹ nǹkan kan kí n tó dé.” Wọ́n wá sọ fún mi pé, “Pe ẹni wa tó wà ní ìlú Ajue. Bí kò bá wọlé, tún un pè.”

Aago méjìlá kọjá. Mo pe Ajue lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò wọlé. Òmíràn tún wọlé sórí fóònù Kàsímù: *Ará Èkó ti dé Ore o. Mi ò fẹ́ já yín kulẹ̀.*

“Ìyìn,” ni Kàsímù wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Tí ilẹ̀ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ má sọ fún mi pé òmíràn ń bọ̀. Mi ò tún ní ọdún méjìlélógún mìíràn lọ́wọ́. Ta lẹ̀ ń pè gan-an?”

“Àǹtí Sàádátù ni.”

Ó dìde. “Alálùbọ́sà? Èyí tó ti kú?”

“Kò kú, Bọ̀dá Kàsímù. Eré ni. Èmi ni mo fi ṣeré.”

“Mo gbọ́ ọ ní gáréèjì, mi ò gbà á gbọ́. Mùsùlùmí ni mí. Mi ò lè jókòó máa retí kí òkú wá sọ ibi tí màá sanwó sí fún mi.”

“Mo ní irọ́ ni! Irọ́ tèmi ni!”

Ó wò mí pẹ̀lú sùúrù bí èèyàn ti ń wo ọmọdé. “Èwo wá ni irọ́, èyí tí ẹ sọ nígbà yẹn ni, àbí èyí tí ẹ ń sọ báyìí?”

Kàsímù jáde, ó jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan níwájú ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù rẹ̀. Mo tẹ̀lé e jáde. Mo rí i tó ń tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún pe Ajue, kò wọlé. Mo tún un pè. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó wá ku nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin. Mo tún un pè lẹ́ẹ̀keje.

Ẹnì kan wúkọ́. “Haló? Ìyìn, kí ló dé? Ẹyìn wà lórí iná, èéfín ti fẹ́ pa mí.”

Mo kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, mo ṣí ohùn fóònù síta, mo nà án sí Kàsímù. Ó wò ó títí kó tó gbà á.

“Àsàlámù àlékùm,” ni ó wí.

“Wà àlékùm sàlámù. Ta nìyẹn?”

“Kàsímù ni. Ẹ má bínú, ìyá. Ṣé... ṣé ẹ wà láàyè?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ìyìn! Ọwọ́ mi á tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi, ọwọ́ mi nìyí tó kún fún epo. Níbo lo jókòó sí?”

“Iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Wọ́n ní kí n yára.”

Ẹ̀rín lọ kúrò lóhùn rẹ̀. “Ibẹ̀ lèmi náà jókòó sí. Èmi náà, wọ́n ní kí n yára. Má yára. Jẹ́ kí n nu ọwọ́ mi, kí n mú ìwé.”

A gbọ́ tó ń ṣí ìwé. Ó ka nọ́ńbà àkáǹtì tó wà nínú ìwé tirẹ̀. Kàsímù ń wo ojú fóònù ara rẹ̀ bó ti ń gbọ́ ọ, nígbà tó dé orí nọ́ńbà kẹta, ó mi orí. “Èyí kọ́ ló wà níbí.”

“Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni Màmá yí i padà. Bi wọ́n ní nǹkan kan. Bi wọ́n pé kí lẹ gbìn sí igun kẹrin.”

Kàsímù kọ ọ́ ránṣẹ́. Beauty gbé ṣíbí dání, ó ń wò wá. Èsì wọlé:

*Pèrègún ni o. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la gbin pèrègún sí. Ẹ sanwó, àsìkò ti lọ.*

Ẹni náà mọ ilẹ̀ wa. Ó mọ ohun tí à ń gbìn sí ààlà. Kò kàn bá wa rìn ín ni.

Kàsímù gbé fóònù náà sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹ̀yinná. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú rẹ̀, ó sì fi fìlà náà bo ojú fún ìgbà pípẹ́.

Bàbá dé lẹ́yìn aago kan, àwọn mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan, Màmá Fẹ́yìsayọ̀ láàárín, ẹrẹ̀ dé orúnkún gbogbo wọn. Iná kò tíì dé Odigbo láti ọjọ́ mẹ́rin, fóònù Màmá ti kú, ó wà níbi tí wọ́n ti ń gba owó fi bá èèyàn ṣáájì. Bàbá ti bi wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n sì ti rántí. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹnì kan pè wọ́n pé òun ń yẹ orúkọ àwọn tó fẹ̀yìn tì wò, kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ló fi gba Wasáàpù wọn.

“Mo kà á fún un,” ni Màmá wí. “Mo tún un kà. Ohùn tíṣà ni mo fi kà á, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.”

Bàbá gbé àga wọn fún Màmá, wọ́n sì dúró tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú wọn jọ ojú ẹni tó ti gbé nínú ilé ẹ̀bi yẹn rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kàsímù tó sanwó. Màmá Fẹ́yìsayọ̀ jókòó tì í, Bàbá ka nọ́ńbà nínú ìwé pupa, Ajue kà á láti inú ìwé tirẹ̀, Màmá sì fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ló ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá mú pèrègún lọ fún igun kẹrin. Igi ẹ̀gẹ́ náà ti hu ewé. Kàsímù ní kí wọ́n má fà á tu, kí wọ́n gbin pèrègún tì í, àwọn méjèèjì ló sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Bàbá kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ìtàn tí mo dá sílẹ̀ ló lé Kàsímù jáde tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó fún olè. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

“Èmi náà fi ohùn mi ṣe nǹkan tí kò ṣeé dá padà,” ni wọ́n wí. “Lọ bá Beauty, kí o sọ òótọ́ fún un.”

Mo lọ. Beauty gbọ́ mi dé òpin, ó mi orí, ó ní, “Òkú náà ló kọ́ ẹ kí o sọ bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí mo rí i pé ẹnu tó dá irọ́ sílẹ̀ kò tó láti pa á, mo pe Ajue, mo tọrọ àyè láti kọ ọ́ sílẹ̀. “Kọ ọ́,” ni Àǹtí Sàádátù wí. “Ìtìjú náà ti tán lára mi. Kọ ibi tí mo wà síbẹ̀, bóyá wọ́n á wá ra epo.”

Nítorí náà, ìyókù ìtàn tí Bàbá ní kí n fi pamọ́ rèé. Lẹ́yìn tí owó yẹn lọ, Bàbá wá Sàádátù títí wọ́n fi rí i níbi tó sá pamọ́ sí. Wọ́n mú un lọ sí Ajue, sórí ilẹ̀ ọ̀pẹ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, ogún kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Wọ́n gbin pèrègún sí igun mẹ́rin ibi tó dára jù níbẹ̀, wọ́n kọ̀wé, wọ́n fún un. Ó ní òun kì í gba ọrẹ lásán. Ó ní òun náà á máa ṣe nǹkan kan fún wọn: gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sínú ìwé wọn ní Ore, kí wọ́n kà á fún òun ní ọjọ́ náà gan-an, kí òun kọ ọ́ sínú ìwé tòun, kí ó má tún di ohùn ẹnì kan ṣoṣo mọ́ láé. Ó búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ Ore mọ́, kò sì tíì tẹ̀ ẹ́.

Sàádátù wà láàyè. Ajue ló ń gbé, níbi tó ti ń fún epo.